Ẹyẹ Ọlọ́fun Pupa

Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn ẹyẹ tó sá fún un bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá padà sílé, obìnrin aránṣọ kan á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láàárọ̀, á gbé awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni kọ́rùn, ó di ọgbà ìgbafẹ́ etí adágún omi. Bí àlejò bá béèrè orúkọ ẹyẹ kan, òun ni wọ́n máa ń nàka sí.

Nígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ kú, tí àbúrò náà kàn jókòó gẹlẹtẹ sínú yàrá, òun ló fà á jáde. Ó yá a ní awò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́.

Kò pẹ́ tí àbúrò fi rí ẹyẹ ọlọ́fun pupa kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí níbẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀gá ọgbà sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì. Látìgbà náà, àbúrò ni gbogbo wọn ń kí. Aránṣọ á rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ á máa ta á bí ẹni jẹ ata. Bó bá délé, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó ti rán tán, tí kò ní àléébù.

"Èmi tí mo mú un wá," á máa kùn sórí máṣíìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò pè é lórí fóònù láti òdìkejì omi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má mira o. Ó wà lórí igi tó wà lókè orí yín. Mò ń kó àwọn èèyàn bọ̀."

Ó gbójú sókè. Ẹyẹ náà nìyẹn lóòótọ́, tó ń fẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó wá ro bí wọ́n ṣe máa tún rọ̀gbà yí àbúrò rẹ̀ ká. Ó pàtẹ́wọ́ gbàà. Ẹyẹ fò lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan. Bóyá ojú ló tàn ẹ́."

Àbúrò wò ó títí, ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ó jọ pé mo ṣì í mú ni. Ẹ má bínú."

Lójú ọ̀nà ilé, ó rọra sọ ọ́. "Mò ń fi awò wò yín nígbà tí ẹ pàtẹ́wọ́."

"Ṣé wàá sọ fún wọn?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé mi dìde."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ẹ̀gbọ́n ju èébú lọ. Ìwà pẹ̀lú, àbúrò tún jù ú lọ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n tọ ọ̀gá ọgbà lọ, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun lé ẹyẹ náà. Wọn ò rí i mọ́ lọ́dún yẹn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣì jọ ń lọ, àmọ́ bí àbúrò bá ti gbé awò sójú, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ yọjú wo ibi tó dojú rẹ̀ kọ, bóyá òun ló ń wò.