Àmín Tí A Fi Parí Ìpàdé

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lórí iná ló kọ́kọ́ pàdé wa nígbà tí ọkọ̀ wa yà kúrò ní títì. Ìlú kékeré kan ni, nínú ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì wà láyé, wọ́n sì ṣì ń lọ ìpàdé. Nígbà yẹn, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlèwó. Iṣẹ́ wa ni pé ká mú ìjọba ìbílẹ̀ àti ará ìlú jókòó pọ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn bára wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú o. Ó kàn máa ń tánni lókun ni, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ìyá tó ń yan gàrí yẹn ló kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn, a ò tíì to àga tán. Opó ni, ó máa fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Ó ti wẹ̀, ó ti pààrọ̀ aṣọ, àmọ́ èéfín ṣì ń rùn lára ìborùn ẹ̀. Ó na fóònù sí mi pé kí n wo àwòrán kan. Ògiri iwájú ilé ẹ̀ ni, tí àwọn kánsù fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé àwọn máa wó o, torí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ sí i.

"Ilé tí ọkọ mi kọ́ kó tó kú rèé, ọ̀gá," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Oko ni mo ti dé tí mo bá a bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ sì ṣófo lódìkejì títì. Ṣé wọn ò lè gba ọ̀hún ni? Ohun tí mo fẹ́ bi alága nìyẹn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," mo ní. "Tiyín la máa kọ́kọ́ gbọ́." Mo gbé ìwé tí àwọn tó wá sípàdé ń kọ orúkọ sí fún un, òun ló kọ tiẹ̀ sókè pátápátá.

Ìwọ náà ṣáà mọ bí ìpàdé wa ṣe ń rí. Alága kánsù pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, a kọ orin Nàìjíríà, a kọ ti ìpínlẹ̀, a kọ ti Ẹ̀gbá. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló fo orin Ẹ̀gbá? Bàbá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun àwọn arúgbó lórí ìdúró, bàbá ṣì ń bá a lọ. Ìgbà náà ló wá kan èmi tí mo jẹ́ olóòtú ètò láti kí àwọn èèyàn pàtàkì. Ká sòótọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi. Mo kí baálẹ̀, mo kí àwọn olóyè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbé ẹnì kan, ojú ẹ̀ le koko, ni mo bá tún padà sẹ́yìn lọ kí i dáadáa, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Alága wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn létí, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìyá náà pàtẹ́wọ́, fóònù ẹ̀ wà lórí itan.

Bí mo ṣe ní ká bọ́ sórí ìbéèrè báyìí, akọ̀wé alága wá bá mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé ọ̀gá àwọn ní ibòmíì tí wọ́n ń lọ. Mo wo ọ̀kánkán, alága ti ń tún fìlà dé. Ẹ̀rù bà mí kí èèyàn ńlá má lọ bínú jáde lójú mi. Ìyá náà ti na ọwọ́ sókè, ó nà án gbọnrangandan. Mo gbé máìkì, mo ní kí ááfà bá wa fi àdúrà kádìí ètò. Ááfà bẹ̀rẹ̀, gbogbo orí sì tẹ̀ ba. Ta ni yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà? Ọwọ́ yẹn rọra wálẹ̀. Ááfà ní Ọlọ́run ò ní tú ilé wa ká. Mo gbọ́ àmín ìyá náà láàárín ti gbogbo èèyàn.

Nílẹ̀ wa, o mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gba àdúrà ìparí, ó parí náà nìyẹn. Ẹni tó bá tún dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wò ó bí ẹni tó fẹ́ ba àdúrà jẹ́. Àwọn èèyàn gbé oúnjẹ wọn, alága wọkọ̀, èmi náà padà sí ọ́fíìsì, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjíròrò náà lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Kò pẹ́ tí katapílà fi dé. Wọ́n ní ìyá náà dúró síwájú ẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò bá òun sọ nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ kánsù kan yọ ìwé orúkọ ìpàdé wa jáde, ó ní àwọn ti bá ìlú jíròrò, ṣé kì í ṣe orúkọ yín ló ṣíwájú yìí, màmá? Wọ́n wó iwájú ilé náà àti àtíbàbà tó ti ń yan gàrí.

Mo lọ bá a ní ilé àbúrò ẹ̀, níbi tó kó lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o rí ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò rí i, mà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Àwọn kan ní o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, mo sọ fún wọn pé o ò rí i. Ká ní o rí i ni, o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá yìí ò dákẹ́ o, àwa la fi àdúrà pa á lẹ́nu mọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àwọn òǹrorò nìkan ló ń tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn lójú. Mi ò mọ̀ pé ọmọlúàbí bíi tèmi, tó mọ èèyàn kí, lè ṣe é láìgbóhùn sókè. Lónìí, bí mo bá ń darí ìpàdé, ará ìlú ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé máìkì fún, ká tó kọrin, ká tó kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Wọn ò pè mí síbi púpọ̀ mọ́, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni mo ti gbọ́ láti ìgbà náà. Ẹyọ kan tí ìyá yẹn bi èmi fúnra mi, irọ́ ni mo fi dá a lóhùn, mi ò sì tíì rí ojú tí n ó fi padà lọ sọ fún un pé mo rí i.