Etí Ọ̀gá Fínnífínní

Ọ̀gá Fínnífínní ni wọ́n máa ń pe bàbá yìí níbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dúró ti ẹ̀rọ ńlá kan tó ń yọ́ ike, tó ń fi agbára tì í sínú mọ́ọ̀dù irin. Bí ike náà bá ti tutù, mọ́ọ̀dù á là, èèpo kékeré kan tí ò ju ekùrọ́ lọ á bọ́ sílẹ̀. Inú èèpo yẹn ni wọ́n ń to ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí, èyí tí ẹni tí etí ẹ̀ bá ti ń di á máa kì bọ etí.

Bí etí èèpo kan bá yọ ike tín-ín-rín bí irun lásán, Ọ̀gá Fínnífínní á jù ú nù, á sì pariwo mọ́ gbogbo iléeṣẹ́: “Etí èèyàn là ń ṣe níbí o, kì í ṣe ọmọrí garawa!”

Ẹni tó ń ṣe etí yìí, ẹ̀rọ ti ń ké mọ́ òun náà létí láti ìgbà tó ti wà ní àpọ́n. Wọ́n fún un ní ohun tó máa fi dí etí, ó jù ú sápò, ó ní kì í jẹ́ kóun gbádùn iṣẹ́ òun. Bọ́rọ̀ ṣe wá di pé àwọn èèyàn ò lanu sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ nìyẹn. Ohun tó ń sọ kiri nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó fẹ́ bó ọsàn, ó ní kó bá òun mú ọ̀bẹ wá. Odindi ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé dé, ó sì tún ń bínú pé kò sẹ́ni tó gbé àwo sílẹ̀.

Ọmọ wọn obìnrin rọra sọ fún un pé, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ etí yín wò.” Ìyẹn, ó gbọ́ ọ kedere. Ó dìde, ó bọ́ síta.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ní kí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà wá wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Màmá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dúró ti ẹ̀rọ Ọ̀gá Fínnífínní.

“Ọmọ mi, ṣó ti pẹ́ tó o ti ń ṣiṣẹ́ yìí?”

Bàbá yìí rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó dára gan-an.”

“Mo ní, ṣó ti pẹ́?”

“Ẹ ṣeun, mà. Àwọn ọmọ náà wà dáadáa.”

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn, ó gbẹ́nu sí i létí. “Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi náà rín in títí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á bú mi, màá máa rín in sí wọn. Ò ń ṣe etí fún gbogbo wa, tìẹ ńkọ́?”

Ọ̀gá Fínnífínní yíjú sí ẹ̀rọ ẹ̀. Ó mú èèpo kan, ó ń yí i wò bí ẹni pé ó ní nǹkan lára.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun nìkan lọ sọ́sibítù. Dókítà etí ki ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bọ̀ ọ́ létí tán, ni Ọ̀gá Fínnífínní bá yọ ọ́ padà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fi èékánná tọ etí ẹ̀ yí ká.

“Ṣé ó ní àbùkù ni, sà?”

“Rárá o,” ló wí, bí ẹni tí inú ẹ̀ ì bá dùn ká ní ó ní àbùkù. “Ọwọ́ mi ló ti jáde.”

Kò sọ fẹ́nì kankan nílé. Ó wọ fìlà, ó fà á bo etí, ó jókòó. Fáànù ń kùn. Sálúbàtà tiẹ̀ gan-an ń pariwo. Ìyàwó ẹ̀ sì wà lórí fóònù pẹ̀lú àbúrò ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ níṣojú ọkọ bó ṣe máa ń ṣe.

“Olórí kunkun ni. Ó jókòó síwájú mi báyìí, kò gbọ́ nǹkan kan.”

Bàbá yìí ti ń múra ìjà. Àmọ́ ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀. “Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ lèèyàn ń pariwo sọ ni? Ọkọ mi wà nílé, àárò ẹ̀ ń sọ mí. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ sọ̀rọ̀ gidi.”

Bàbá yìí sún mọ́ ọn. Ó ní, jẹ́jẹ́, “Èmi rèé.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní èmi rèé.”

Ìyàwó ẹ̀ ju fóònù sórí àga, ó ṣí fìlà ẹ̀, ó rí ike. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí, omijé sì tẹ̀ lé e. “Látìgbà wo lẹ ti ń gbọ́?”

“Láti orí olórí kunkun.”

Oúnjẹ tutù lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ò tán. Ní báyìí, bàbá yìí kan náà ló ń ní kí wọ́n yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀, pé ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ìyàwó ẹ̀ bá sì ti dá ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò sílẹ̀, á fọwọ́ kan etí, á ní ó jọ pé bátìrì ti kú. Ìyàwó ẹ̀ á kàn máa wò ó. Òun ló fi bátìrì tuntun sí i láàárọ̀.