Ọmọ Onílé Ló Ń Gbẹ̀yìn

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sọ pálọ̀ wa ní Ìlá di ibi tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ sí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan ń kọ́ni ní Ọ̀tan Ayégbajú, àwọn yòókù ń tajà. Ẹni tó bá ju báàgì ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá rọra ní kó gbé e, kó fi kọ́ sára ìṣó. Ojú ọmọ ń wò wá.

Ọmọ mi àgbà ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Àbíkẹ́yìn nìkan ló kù lọ́dọ̀ mi, kò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni mo ṣe tọ́ ọ: ọmọ ọlọ́mọ là ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi ẹran pamọ́ fún tiwa. Níṣojú wọn, kì í pè mí ní Màámi. Bó bá pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá wọn. "Ma" ló ń pè mí, bí àwọn yòókù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mi ò gbà. Àbíkẹ́yìn yìí nìkan ni mo ń rí bá sọ̀rọ̀ tí ilé bá dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò pa á bọ̀ láti ilé ìwé. Ọmọ kan wà lẹ́yìn mi, mo sì ń fún òmíràn ní ògì. Mo ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ. Kò lọ. Ó jókòó sórí ẹní láàárín wọn, ó ń gbọ̀n. Ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi wọlé dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, ma. Eléyìí mà ti dàgbà o. Ṣé wọn ò tíì wá mú un ni?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi dá a lóhùn.

"Wọn ò tíì wá, ma."

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Wọ́n ń bọ̀."

Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná janjan.

"Ọmọ mi ni," ni mo sọ fún obìnrin náà. Ó wolẹ̀, ó ní kí n má bínú.

Nígbà tí ibà náà lọ, ọmọ mi wá bá mi ní kíṣìnnì. Àwa méjì péré la wà nílé.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sí Ìbàdàn."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, ma."

Mo dúró bóyá á tún un pè, kó ní Màámi. Kò tún un pè. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

Ọjọ́ iṣẹ́ ló wá mú un. Mi ò lè sìn wọ́n dé gáréèjì, torí ẹnikẹ́ni kò tíì wá gbé ọmọ. Àbíkẹ́yìn mi kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó gun ọ̀kadà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí tí mo pọ̀n ló juwọ́ sí i, torí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ọ̀já mú.