Gòjé Olókùn Mẹ́rìnlá àti Onídùùrù Ìjọ Wa

Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, ní Amẹ́ríkà níbí, tẹ́lẹ̀, òórùn páálí àti rọ́bà ṣì wà níbẹ̀, bó ti wù ká fín lọ́fínńdà sí i tó. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè tẹ dùùrù fún ogún ọdún kó má gbọ́ orin rí.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ orin ní yunifásítì, ló gbé gòjé òyìnbó kan wálé. Viola d'amore lorúkọ rẹ̀, ó sì ti ju igba ọdún lọ. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ lórin ló yá a, kó fi múra eré tí yóò fi gboyè jáde. Bí ohunkóhun bá ṣe é, ta ló tún máa fi nǹkan gidi lé e lọ́wọ́? Okùn mẹ́rìnlá! Méje ni wọ́n ń fà. Méje yòókù wà lábẹ́, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n bí tòkè bá ti dún, tìsàlẹ̀ á gbà á, wọn á máa kùn fúnra wọn bí ẹni tó ń kọrin nínú yàrá kejì. Ọmọ mi ní ìgbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbọ̀ngàn ńláńlá, tí wọ́n ń fẹ́ ohùn tó lè pariwo débẹ̀, ni wọ́n pa á tì. Mo gbọ́ ọ ní pálọ̀ wa ní Marietta lẹ́yìn shift, yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi, omi sì bọ́ lójú mi. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó fi kọ orin ìyìn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá wo Uncle onídùùrù! Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ló mọ̀, ariwo ló fi ń dí èyí tó kù, síbẹ̀ ẹ ó rò pé òun ló ń kọ́ àwọn áńgẹ́lì lórin. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, "ó" ti tó o.

Ìgbà tí wọ́n ṣe rìhásà lọ́jọ́ Sátidé, ohùn gòjé náà wálẹ̀ díẹ̀ ju ti dùùrù lọ, torí bí wọ́n ṣe ń yí okùn nígbà tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Ọmọ mi kúnlẹ̀. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tẹ transpose, kí dùùrù sọ̀ kalẹ̀." Bọ́tìnnì kan ṣoṣo o!

Ó rẹ́rìn-ín ìyẹ̀yẹ́. "Kí dùùrù ilé Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ fún pákó? Gbé e wá."

Ọmọ mi fà á mọ́ àyà, ó wò mí. "Mummy, it can't take it."

Èmi tí mò ń bá dókítà jiyàn níbi iṣẹ́, mo ní, "Fún Uncle. Àgbà ni wọ́n."

Uncle gbà á, ó ń lọ́ okùn rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè gòkè bá ti dùùrù, ó lọ́ ọ, ó tún lọ́ ọ. Okùn kan já, òmíràn tẹ̀lé e, igi kékeré tó gbé wọn sókè ṣubú, àyà gòjé náà sì là gbàrà. Ṣé ẹ mọ ohun tí òpè yẹn sọ? "Ó ti gbó tẹ́lẹ̀. Ká dúpẹ́ pé kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe." Gbogbo akọrin sì ṣe àmín! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì la jẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo ní ká jọ lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ mi ò bínú. "Ẹ dúró sílé, Mummy. Ẹ ò ní lè gbè mí."

Wọ́n ti lẹ gòjé náà pọ̀, ọmọ mi sì ti gboyè. Uncle, mo ṣì ń fojú ẹ̀gàn wò ó, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ lọmọ mi wojú rẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ gòjé náà. Èmi ni.