Bàtà kan, èmi àti Akin

Inú bí mi láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ọ̀rẹ́ ọmọ-ọmọ mi wá bi í bóyá ó gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ibì kan ń wá èèyàn, ọ̀la lòun ń lọ!

Mo ní, "Kí ló dé tó o fi parọ́ fún un?"
Ó ní, "Bàbá, ẹnì kan péré ni wọ́n fẹ́ gbà."

Ẹnì kan péré náà ni wọ́n fẹ́ gbà níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fún epo pupa l'Ókìtìpupa, nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi Akin, ọmọ Òde-Ayé, ń wáṣẹ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Bàtà gidi kan ṣoṣo la ní, tèmi sì ni. Bí mo ṣe jáde lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, mo bọ́ ọ fún Akin, mo sọ gbogbo ohun tí wọ́n bi mí sí i létí.

Akin ni wọ́n gbà.

Kò pẹ́, àyè mìíràn ṣí. Akin gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi lóko l'Áyèká, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀: "Wọ̀ ọ́ kíá, ọ̀gá ń retí ẹ."

Mo bi ọmọ yìí: "Bí wọn ò bá gbà ọ́ lọ́la, ta ló máa gun kẹ̀kẹ́ wá bá ọ?"

Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni Akin tiyín?