Ohùn Màmá Tíṣà Nínú Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá àlá ni mo lá. Ọ̀sán ni, oòrùn wà lókè, àwa mẹ́sàn-án la sì wà lórí àpáta Ọ̀kà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún gan-an ni kí n máa kọ ohun tí ojú mi bá rí sílẹ̀: ọwọ́ wo ni òṣèré fi mú ife, bọ́tìnnì mélòó ló ṣí lára ẹ̀wù rẹ̀, kó má baà mú ife lọ́wọ́ òsì láàárọ̀ kó wá di ọwọ́ ọ̀tún nírọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kì í fi "bóyá" kọ̀wé.

Ẹ mọ eré ọ̀hún. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń wò ó: eré àwọn ará ilẹ̀ wa tí ọkọ̀ gbé lọ sójú ọ̀run, tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí lọ́yà Ọ̀gá, ẹni tó ni eré náà, ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ẹ rí tó ń dán yanran yẹn, inú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí nígbà kan ní Ìkàrẹ́ ló wà. Kò kúrò níbẹ̀ rí. Ẹ̀yìn lọ́rí tó ti kú ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdérí ìgò mínírà tí a fi ọ̀dà fàdákà kùn ni gbogbo bọ́tìnnì tí atukọ̀ ń tẹ̀. Ìbọn tó ń yọ iná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni. Onídìrí kan ní Àkùngbá ló tà á fún wa. Ìró ẹ́ńjìnnì tó ń mú yín gbọ̀n, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Etíòro ni. Sàlíù, ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa, ló lọ gbà á, tó wá fà á gùn títí ó fi dà bí ìgbà tí òkè ń kùn.

Èdè tí Ọkọ̀ ń sọ ńkọ́? Tí àwọn ọmọ yunifásítì ń jà lé lórí pé ta ló ní ọpọlọ tó fi ṣẹ̀dá rẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀dá ẹ̀. Èdè Màmá Tíṣà ni.

Ilẹ̀ Àkókó nìyí. Èèyàn lè gun ọ̀kadà díẹ̀ péré kó sì dé ìlú tí kò ti ní gbọ́ kinní kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Màmá ti wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀gá gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní oríta Júbílì ní Ìkàrẹ́, ló bá bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣe ohùn Ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ní ìparí eré, ẹ ó rí orúkọ alásè, ẹ ó rí ti awakọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí i: "Èdè Ọkọ̀, Ọ̀gá ló ṣẹ̀dá rẹ̀." Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín ni Màmá fi rín in. "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó fi èdè tó ṣẹ̀dá kí àna rẹ̀, á wá mi wá."

Iṣẹ́ Màmá tó ṣe pàtàkì jù ni kó máa pe àwọn tó bá ṣáko lọ pé kí wọ́n padà sínú Ọkọ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè wọ́n láti oko nígbà èwe ló ṣe ń pè wọ́n. Á fa orúkọ gùn, á ní máa bọ̀ nílé. Bó bá pè tán, á sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lábẹ́ èémí kó tó dìde.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí lọ̀rọ̀ yẹn.

"Mo ń pa ìpè mi ni," ó ní. "Nílé wa, bí o bá pe èèyàn tí o ò pa ìpè rẹ, ìpè yẹn yóò máa rìn kiri, á máa wá ẹni tó máa dáhùn."

"Ẹ kọ́ mi, Mà."

"Ìwọ? Ta lo ti pè?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Ọ̀gá á yí sí Sàlíù: "Gé e kúrò. Ariwo ẹnu arúgbó nìyẹn." Sàlíù á gé e. Ọdún mẹ́jọ ìpè, a ò tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ó fi ń pa ìpè, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú, Màmá pe Ọ̀gá, ó pe Sàlíù, ó pe èmi. Ó ní, "Bí mo bá kú, ẹ jẹ́ kí ohùn mi bá mi lọ. Òkú kì í pe alààyè wálé."

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Háà, Mà! Èmi ọmọ yín? Láéláé!" Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi níbẹ̀, Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Màmá wá kọjú sí mi. "Ìwọ lo ni ìwé. Ìwọ ni mo fi ṣọ́ ọ."

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá kú nígbà òjò. Ọ̀gá sunkún níbi ìsìnkú, ó jẹun dáadáa pẹ̀lú. Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tó fi ní kí Sàlíù kó gbogbo ohùn Màmá jáde, kó gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kó tò wọ́n di ọ̀rọ̀ tuntun.

Mo gbé ìwé lọ bá a. "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ sí i, sà."

"Lọ́yà Àkùngbá ti dé o!" Ó pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo òṣèré. "Akọ̀wé, ṣé Màmá rán ẹ ni? Ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà níbi tó wà?"

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta. Kò fèsì sí èyí àkọ́kọ́. Ó fi ìkejì pọ́n ẹ̀pà jẹ. Mo rí i. Lọ́yà ló fèsì sí ìkẹta.

Mi ò sì ní fi Sàlíù sílẹ̀ láìwí. Òun ló gé e. Nígbà tí mo bá a wí, ó wolẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ibo ni kí n ti ríṣẹ́ mìíràn ní Ìkàrẹ́ yìí?"

Báyìí la ṣe dé orí àpáta Ọ̀kà lọ́jọ́ náà, nígbà ọyẹ́. Ibẹ̀ la ti ń ya gbogbo ayé mìíràn tí ẹ ń rí, torí bí eruku ọyẹ́ bá bo òkè wọ̀nyẹn, kò jọ ibi tí èèyàn bí èèyàn ń gbé. Òṣèré kan dúró, wọ́n gbé sípíkà sílẹ̀, ohùn Màmá tí Sàlíù tò jáde, ó ń pè é. A yà á tán.

Ó wá ku ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kò sí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ jọ ti ibòmíì. Bí ẹ bá fi ìdákẹ́jẹ́ ilé kòkó sábẹ́ àwòrán orí àpáta, etí á mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti ṣiṣẹ́, gbogbo wa á dúró láì mira fún ìṣẹ́jú kan, Sàlíù á gba òfo sílẹ̀. Òfo lásán.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo wo aago mi, mo kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ tó ń ké nísàlẹ̀ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ náà dákẹ́.

Sàlíù, tí ẹ̀rọ ìgbọ́hùn wà létí rẹ̀, gbé ojú sókè. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló ń mí?"

Mo sún mọ́ ọn, ó gbé etí kan ẹ̀rọ náà fún mi. Mo gbọ́ ọ. Èémí ni, pẹ̀lú súfèé kékeré tó máa ń gba àárín eyín Màmá níbi tí ọ̀kan ti yọ. Lẹ́yìn náà, ìpè. Ó fà á gùn, bí wọ́n ti ń pe ẹni tó wà lóko.

Sàlíù o.

Ẹ gbà mí gbọ́, èmi ni mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ sínú máìkì fún ọdún mẹ́jọ. Kò sọ orúkọ Sàlíù sínú rẹ̀ rí. Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gé e.

Sàlíù dìde. Omi ti dé ojú rẹ̀. Ó ń rìn lọ síbi tí àpáta ti dá sí ọ̀gbun, wáyà ẹ̀rọ ń fà tẹ̀ lé e.

"Màmá ni."

"Má dáhùn."

"Ó máa bínú, Àǹtí. Ó ń pè mí."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, mo fi ọwọ́ kejì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Ìṣísẹ̀ méjì ló kù fún wa.

"Ta ló ń ba ìdákẹ́jẹ́ mi jẹ́ níbẹ̀yẹn?" Ọ̀gá pariwo.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ. Awakọ̀ wa fẹsẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sàlíù, o mọṣẹ́! Ìpè yìí dára ju èyí tí mo ní kó o ṣe lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá àbúrò Màmá nílùú wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń pa ìpè. Bàbá náà ní kí n dìde.

"Ẹni tó pè ló ń pa á," wọ́n ní. "Kò sí bí mo ṣe lè bá a pa á. Ẹ̀yin lẹ gba ẹnu rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gé e."

Sàlíù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Rédíò ló máa ń wà létí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí ibi tó bá ti dákẹ́ ló ti ń gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kò lè kí ìrun Àsárì pẹ̀lú jàmáà mọ́, nítorí ìrun tí lèmámù ò ti gbé ohùn sókè ni. Bó bá ti forí kanlẹ̀, á dìde, á jáde. Mo bi Sàlíù bóyá ó dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní rárá. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ mi wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: ètè rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá ti gbé e sáfẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú yẹn wà nínú rẹ̀ lódindi, nígbà tí òṣèré dá dúró lórí àpáta.

Obìnrin kan láti Ṣóṣan ti kọ̀wé sí wa. Kò bínú, ó ń dúpẹ́ ni. Ó ní òun ò mọ̀ pé Ọkọ̀ máa ń pe àwọn tó ń wò ó. Ó ní ó pe ọmọ òun lórúkọ kedere, orúkọ tí ìyá bàbá ọmọ náà nìkan fi ń pè é. Ọmọ náà sì dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Mà?"

Mo ti pe obìnrin náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti àárọ̀. Ó ń dún, kò gbé e.

Ẹ jọ̀ọ́, bí eré náà bá wà lójú tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ má jẹ́ kí ilé yín dákẹ́. Ẹ máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n nípa ilé ìwé, ẹ bá wọn jà, ẹ ṣáà máa sọ nǹkan. Bí ọmọ bá sì kọjú sí àwòrán, tó ya ẹnu láti dáhùn ìpè tí ẹ ò gbọ́, ẹ bò ó lẹ́nu, kí ẹ di aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin.