Ọjọ́ Tí Mo Ké Gbàjarè Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ ní Ẹ̀pẹ́

Òórùn ẹja yíyan ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Yàrá iṣẹ́ abẹ tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé nítorí ooru, òórùn ẹja tí àwọn obìnrin ń yan á wọlé, á pàdé òórùn oògùn tí wọ́n fi fọ ilẹ̀. Títí di òní, bí méjèèjì bá pàdé ní imú mi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

O mọ bí ayé ṣe rí ṣáájú òmìnira. Dókítà kékeré ni mí ní Ìkòròdú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìgbògbò. Iṣẹ́ abẹ ni àwa méjèèjì fẹ́ kọ́, ọ̀nà méjì ló sì ṣí sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba: o ó kọ ìwé sí Èkó, o ó fi èsì ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí ìwà sí i, àwọn ìgbìmọ̀ tí kò rí ọ rí á sì pinnu bóyá wọ́n á rán ọ lọ sí òkè òkun, àti ilé ìwòsàn tí o máa lọ. Èkejì wà lọ́wọ́ ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ kan ní Ẹ̀pẹ́, tí kì í wo ìwé ẹnikẹ́ni. Á pè ọ́ wá, á fún ọ ní abẹ, á sì dúró tì ọ́, á máa wò ọ́. Bí o bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ́ ọ, lẹ́yìn náà á fi ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ òun náà lókè òkun.

Ọ̀rẹ́ mi ní ti ìjọba ló dára, nítorí ìwé kì í rí i bí ọwọ́ èèyàn bá ń gbọ̀n. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ẹ̀rín ló fi ṣe. "Ti ìjọba yẹn dà bí kí wọ́n fún ẹ níyàwó tí o ò rí rí. Ti ìkejì yìí, bàbá ìyàwó ló fẹ́ wo bí o ṣe ń roko."

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá ìyàwó lọ. Kí n má parọ́, ìgboyà kọ́. Bí ìjọba bá kọ̀ ọ́, wọn kì í sọ ìdí, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó gbé mi gba Agbówà kọjá, mi ò lè fẹnu kan àkàrà tí ìyá mi dì fún mi.

Bàbá apẹja kan ni wọ́n tẹ́ síwájú mi. Ìpá rẹ̀ ti há, ó ń jẹ̀rora. Wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó pa ara rẹ̀ kú láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta. "Dókítà, ẹ má jẹ́ kí n kú o," ló wí, ó ní "Bísímílá", ó sì ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Mo fi abẹ là á. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ṣàdédé tú jáde. Mo fi òwú dí i, òwú rin gbingbin. Mo wá ibi tó ti ń ṣàn, mi ò rí i. Ọ̀gá dúró tì mí, ó ń wò mí. Mo rò pé bí mo bá lanu, iṣẹ́ abẹ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn; bí mi ò bá sì lanu, bàbá yìí á kú.

"Ẹ gbà mí, sà!" Ariwo ni mo fi pa.

Ọwọ́ ọ̀gá ti wọlé kí n tó pa ẹnu dé. Ó di iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mú, ó ní kí n so ó, mo so ó. A parí iṣẹ́. Mo jáde lọ jókòó lórí pèpéle, mo ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi pé wọn ò fún mi níyàwó.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ní bàbá apẹja ń pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo pariwo?"

Ojú tì mí. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ìgbà yẹn gan-an lọ́kàn mi balẹ̀. Lórí ọ̀sà, ẹni tó bá dákẹ́ ló ń rì."

Mi ò mọ̀ pé ọ̀gá ti dúró lẹ́yìn mi. "Lọ kó ẹrù ẹ wá láti Ìkòròdú," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìjọba gba ọ̀rẹ́ mi náà, ó sì di oníṣẹ́ abẹ gidi, nítorí náà mi ò lè sọ pé ọ̀nà tirẹ̀ ò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti ń hewú, ó sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ò fi jẹ́ kí òun sùn, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nínú ìwé tó kọ sí Èkó, wọ́n béèrè ìlú rẹ̀, wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ àti máàkì tó gbà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ta lo máa ké sí?